Ẹnu Ẹnìkan Kì Í La Ọ̀nà

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ fà mọ́ra díẹ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Òjò ti lé gbogbo wa kúrò lóko, kò sí ẹni tó lè wí pé iṣẹ́ ń dúró de òun. Èmi Ọdẹ́lànà, ọmọ Ògúnkẹ́yẹ, tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan tí n kò lo ọta kẹrin, èmi ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ládẹ̀jọbí, má yọ ṣùtì sí mi. Awọ ọ̀kan nínú ẹfọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni o jókòó lé yẹn.

Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe ti ẹfọ̀n. Ti ọ̀nà ni. Ẹni tí kò bá fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á wí pé irọ́ ni mo fi parí rẹ̀.

Ní ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo wa, àìsàn kan mú Àwẹ̀ró ìyàwó mi. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò sì tutù. Ó jókòó sórí ẹní, ó lajú sílẹ̀, ó ń mí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ wa mọ́, kò sì fọhùn. Bí a bá fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, á gbé e mì. Bí a bá pè é, ògiri là ń pè. Mákànjúọlá ọmọ wa pe ìyá rẹ̀ títí ohùn fi há mọ́ ọn lọ́fun. Èmi tí n kì í sá fún erin, mo wo obìnrin náà, mo sá jáde nílé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wí i síta, ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ìtìjú.

Ìyá arúgbó kan ní àdúgbò wa, tí a ń pè ní Ìyá Òkè-Odò, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní omi kan wà ní Ìlú Àjí, ní òpin Igbó Elégbèje Oríta, ẹni tó bá mu ún, etí rẹ̀ á là. "Ọdẹ́lànà," ó ní, "àná ni oṣù lé. Kí oṣù yìí tó tán ni kí o ti gbé omi náà dé. Bí oṣù bá tán tí Àwẹ̀ró kò tíì dá ẹnì kankan lóhùn, kò ní dáhùn mọ́ láéláé."

N kò bi í ní ẹ̀ẹ̀kejì. Mo gbé ìbọn, mo mú igbà tí mo fi ń gun ọ̀pẹ, mo di àádùn sínú àpò, ó di inú igbó.

Àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àgbà tó wí bẹ́ẹ̀ kò dé Igbó Elégbèje Oríta rí. Nínú igbó náà, ọ̀nà ń kú, ọ̀nà sì ń jí. Èyí tí o gbà lánàá lè di odò lónìí. Egbèje oríta ló wà níbẹ̀, oríta kọ̀ọ̀kan sì ní oníbodè tirẹ̀. Oríta méjì péré ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan so pọ̀: orí kan níhìn-ín, orí kan lọ́hùn-ún, kò sí ilé, kò sí ọjà láàárín.

Oníbodè tí mo kọ́kọ́ bá, iṣu kókò sísun ló ń jẹ. Etí mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, nítorí ọ̀nà mẹ́fà ló yọ sí ẹnu ibodè rẹ̀, etí kan fún ọ̀nà kan. Elétí-Mẹ́fà ni wọ́n ń pè é. Mo kí i, ó wo etí méjì tó wà lórí mi, àánú mi ṣe é.

Ó ní, "Abetí-méjì, àlọ́ mi rèé. Bí o bá já a, o kọjá. Bí o kò bá já a, n óò rì ọ́ mọ́lẹ̀ bí èèkàn. Kí ni mo ní, tí ẹnìkejì mi náà ní, tó jẹ́ pé bí òun kò bá wí pé tòun ni, èmi náà kò ní i mọ́?"

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ ni."

Ó ní, "O súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹsẹ̀ rin orí ọ̀rẹ́."

Ó ti nawọ́ mú òòlù kí orí mi tó ṣiṣẹ́. Mo kígbe pé, "Ọ̀nà!" Ó sọ òòlù sílẹ̀, ó sì gé kókò fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé agbára nìkan la fi ń ṣọdẹ, ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Ó wá mú mi wọ inú ilé rẹ̀. Egbèje èèkàn ló wà lára ògiri, ọ̀kan fún oníbodè kọ̀ọ̀kan, okùn sì ta láti èèkàn dé èèkàn títí ojú fi rẹ̀ mí. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyí. Ní gbogbo òwúrọ̀, oníbodè á dojú kọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, á kí ẹni tó wà ní orí kejì, á dárúkọ ara rẹ̀, á sì dárúkọ ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí o bá gbọ́ orúkọ tìrẹ lẹ́nu ẹnìkejì rẹ, o mọ̀ pé ohùn ń lọ, ohùn sì ń bọ̀. Ìgbà náà ni wàá tó kéde pé, "Èmi lágbájá, ọ̀nà kan wà láàárín èmi àti tàmẹ̀dò, ibùsọ̀ báyìí ni láti ẹnu ibodè mi." Ọ̀nà tó kan ẹnu ibodè rẹ nìkan ni wàá kéde. Àwọn aládùúgbò rẹ á gba ìkéde náà bó ṣe jẹ́, wọn kò ní fi iyọ̀ sí i, wọn kò ní bu nínú rẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé wọn, títí gbogbo igbó á fi gbọ́. Wọ́n sì ń ka ìkéde kọ̀ọ̀kan ní èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta, kí èyí tó ti gbó má bàa dé lẹ́yìn wá ba tuntun jẹ́.

"Bí Ajírọ́ba, oníbodè tó kàn mí, bá kéde ọ̀nà kan sí ọ̀dọ̀ mi," ó ní, "gbogbo wa á so orí okùn kan mọ́ èèkàn rẹ̀. Bí èmi náà bá kéde rẹ̀, a so orí kejì mọ́ tèmi. Okùn tó bá so ní orí kan tó ń fì ní orí kejì, a kì í fi ẹsẹ̀ lé e. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

Mo ní, "Ó dára. Ọ̀nà Ìlú Àjí ńkọ́?"

Ó fọwọ́ kan èèkàn méjì ní igun ògiri. Ó ní èyí ni Ojútalayọ̀, èyí ni Ẹfúnyẹlá, ẹ̀yìn Ẹfúnyẹlá sì ni Ìlú Àjí wà. Láàárín àwọn méjèèjì, kò sí okùn rárá. "Ọgọ́ta ọdún rèé," ó ní, "tí ọ̀kan nínú wọn kò ti dárúkọ ìkejì."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín wọn?"

"Èmi kì í ròyìn ọ̀nà ọlọ́nà. Lọ bi wọ́n."

Mo ka oríta tó wà láàárín, mo fi sọ́kàn, mo gbọ̀nà. Bí mo bá ní kí n máa sọ gbogbo iwin tí mo nà lójú ọ̀nà, ilẹ̀ á ṣú bá wa. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìwà òmùgọ̀ tí mo hù pa mọ́ fún yín.

Mo dé ọ̀dọ̀ oníbodè kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé orúnkún. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà tí wọ́n júwe fún ọ, ibùsọ̀ mọ́kànlá ni. Ọ̀nà kan wà lẹ́nu ibodè tèmi, ibùsọ̀ kan péré, Ojútalayọ̀ ni yóò gbé ọ pàdé." Mo wo ògiri rẹ̀. Okùn ọ̀nà náà so mọ́ èèkàn tirẹ̀, orí kejì ń fì nínú afẹ́fẹ́. Mo rí i, ojú mi méjèèjì ló rí i. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni, Baba" ni ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ń wí. Èmi wo ni n óò wí pé okùn ògiri mọ ọ̀nà ju irùngbọ̀n lọ? Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo gba ibẹ̀.

Ọ̀nà náà dára títí mo fi dé orí afárá olókùn kan. Ìdajì afárá ló wà. Kùrukùru ló bo ìdajì tó ti já, orí rẹ̀ ni mo gbé ẹsẹ̀ lé. Mo já sínú ọ̀gbun tó wà nísàlẹ̀. Igbà mi ló kọ́ gbòǹgbò igi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn ni ì bá máa sọ ìtàn yìí fún yín.

Ẹranko kan ń gbé nínú ọ̀gbun náà, ẹnu mẹ́sàn-án ló ní, kò ní etí kankan. Gbogbo ẹnu mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní kí n dúró, ọ̀kan ní kí n sá, ọ̀kan ní kí n fi itan mi sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Kí ló fẹ́ fi gbọ́? Ọjọ́ méjì la fi ja ìjà náà. Ẹnu karùn-ún ni mo yìn ìbọn sí, ó ṣubú, ọ̀gbun mì tìtì. Ládẹ̀jọbí, ìwọ ì bá ti fún un ní itan. Mo fi igbà gun òkè padà lọ́jọ́ kẹta, èékánná mi ti ṣí.

Baba onírùngbọ̀n rí mi, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Òótọ́ ni mo sọ fún ọ! Lẹ́nu ibodè mi, ọ̀nà náà wà!"

Mo ní, "Òótọ́ ni, Baba. Ìdajì ọ̀nà ni. Èmi tí mo rí okùn tó ń fì ni mo jẹ̀bi."

Mo gba ibùsọ̀ mọ́kànlá. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ibodè Ojútalayọ̀, ọjọ́ méje ló kù kí oṣù tán.

Obìnrin náà ti lé díẹ̀ ní ọgọ́rin ọdún, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá wá, ó mi orí. Ó ní, "Ọ̀nà wà. Mo ń gbá a láràárọ̀ dé ìdí àràbà tó wà láàárín. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹsẹ̀ ènìyàn." N kò gbà á gbọ́. Mo gba orí ọ̀nà náà lọ, mo rìn, mo rìn, mo yọ sí ẹnu ibodè Ojútalayọ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ṣe é lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀keje, ó ti gbé omi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà dè mí.

Mo mu omi tán, mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò kí i?"

Ó jókòó. "Ẹfúnyẹlá ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wálé gan-an ni wọ́n bí mi. O mọ àṣà: ọmọ tí a bí kí ìyàwó tó wọlé, àgbà ìyàwó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó ni yóò máa kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ti wọlé kí a tó bí ọmọ, òun ni àgbà. Wọ́n ń da omi sí Ẹfúnyẹlá lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ké. Àwọn ìyá kan ní ẹkún ló ṣáájú, àwọn kan ní omi ni. Nígbà tí wọ́n fi wá sí oríta méjì yìí, mo dúró kó wá kí mi. Òun náà dúró."

Ẹ̀yin obìnrin, mo rí i pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀. Mo ro ẹjọ́ yìí ní gbogbo òru ọjọ́ náà, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo bá Ojútalayọ̀ lọ sí ìdí àràbà. Mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lódìkejì igi náà. Mo kígbe pé, "Ìyá Ẹfúnyẹlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí i!"

Ohùn kan dáhùn, ó gbó, ó sì le. "Ta ló ń pariwo lójú ọ̀nà tí mo ń gbá? Ọmú ti yọ láyà mi nígbà tí wọ́n ń bí i. Kí èmi kúnlẹ̀ fún un?"

Ojútalayọ̀ kó ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó yí padà sílé. Inú bí mi. Mo ju ìbọn sílẹ̀, mo jókòó sáàárín ọ̀nà, mo ní n kò ní dìde. Mo ní kí wọ́n máa gbálẹ̀ yí mi ká títí tí n óò fi di òkìtì. Oòrùn pa mí, èèrà jẹ mí, n kò kúrò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ojútalayọ̀ padà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọjọ́ mélòó ni ìyàwó rẹ kò ti dá ọ lóhùn?"

"Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Báwo ló ṣe rí lára rẹ?"

Mo ní, "Ìyá, mo jí ní òwúrọ̀ kan, mo bá a sọ̀rọ̀, mo sì dá ara mi lóhùn. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún."

Ó wá ní, "Tèmi, ọgọ́ta ọdún." Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe agídí nìkan ló wà lójú obìnrin yẹn.

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ ń ṣe láràárọ̀ nídìí àràbà?"

"Mo ń gbálẹ̀."

"Ìyá Ẹfúnyẹlá ńkọ́?"

"Òun náà ń gbálẹ̀."

"Ṣé iṣẹ́ kọ́ nìyẹn? Nílùú wa, a kì í bèèrè ọjọ́ orí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká tó kí i. Ọba ń kí àgbẹ̀ lóko. Bàbá ń kí ọmọ tó ń po ẹrẹ̀. A kì í fi orúnkún kí ẹni pé 'kú iṣẹ́.' Ẹ̀yin méjèèjì ti gbálẹ̀ de ara yín fún ọgọ́ta ọdún, ẹ kò kí ara yín kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan!"

Ó wọlé lọ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbálẹ̀ dé ìdí àràbà, ó dúró. Ó ní, "Èmi Ojútalayọ̀ ni. Ẹfúnyẹlá, kú iṣẹ́ o."

Ìró ìgbálẹ̀ lódìkejì dáwọ́ dúró. A retí, a retí. Kò sí ohùn. Okùn tó so ní orí kan nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló jù mí sí ọ̀gbun. Ojútalayọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kó ìgbálẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kí a tó gbọ́ ohùn lódìkejì.

"Èmi Ẹfúnyẹlá ni. Mo gbọ́ ohùn Ojútalayọ̀. Ìwọ náà kú iṣẹ́. Láti ìgbà wo lo ti ń gbá tìrẹ?"

"Láti ọjọ́ tí a ti dé ibí," ni Ojútalayọ̀ wí, omi ti bọ́ lójú rẹ̀. "Mo gbọ́ ohùn Ẹfúnyẹlá. Mo gbọ́ ọ o."

Bí orúkọ ti pàdé orúkọ, àràbà náà fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀nà sì là gbọọrọ. Arúgbó méjì yọ sí ara wọn. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí kọ lu orí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Kíá ni wọ́n kéde. Ojútalayọ̀ ní ibùsọ̀ mẹ́ta ni láti ẹnu ibodè òun. Ẹfúnyẹlá ní ibùsọ̀ márùn-ún ni láti ẹnu ibodè tòun. Mo rò pé ìjà mìíràn ti dé. Ẹfúnyẹlá rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Òkè ni èmi ń gùn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni òun ń sọ̀. Kálukú ń sọ bí ọ̀nà ṣe rí láti ilé tirẹ̀. Orúkọ ara wa nìkan ni kò gbọdọ̀ sọnù nínú rẹ̀."

Ìlú Àjí kò rí àlejò fún ọgọ́ta ọdún. Gbogbo ará ìlú tò síwájú mi, kálukú fẹ́ kí mi, kálukú sì fẹ́ kí n dáhùn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí n pọn omi. Láti àárọ̀ di ọ̀sán ni mo ń dáhùn, ahọ́n mi gbẹ. Mo pọn omi kún kèrègbè mi, mo sáré tọ̀sán-tòru lójú ọ̀nà tí mo ti mọ̀. Ní ilé Elétí-Mẹ́fà, mo rí okùn tuntun lára ògiri, orí rẹ̀ méjèèjì so dáadáa. N kò sọ ohunkóhun fún un. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ni ọ̀nà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí oṣù máa tán ni mo wọlé. Mo gbé orí Àwẹ̀ró lé apá, mo da omi sí i lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó ń wo iwájú bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Mákànjúọlá ní, "Baba, àbí omi náà kọ́ nìyí?"

Ẹ̀yin ará mi, mo fẹ́ fọ́ kèrègbè náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ fọhùn. Mo jókòó níwájú rẹ̀. Mo ní, "Àwẹ̀ró, èmi Ọdẹ́lànà ni. Mo kí ọ." Kò dáhùn. Mo tún un wí. Oòrùn yọ, mo ń wí i. Àwọn ará ilé jẹun tán, mo ń wí i. Àwọn àgbà wọlé wá bẹ̀ mí pé kí n gba kádàrá, kí n má fi ohùn mi ṣòfò. Mo ní kí wọ́n jáde. Mo sọ ibi tí mo dé fún un, mo sọ bí mo ṣe já sí ọ̀gbun, mo sọ ìfẹ́ tí n kò sọ fún un rí láti ọdún mọ́kànlá, mo sì tún padà sí orúkọ rẹ̀. Oòrùn ti ń rẹ̀ sílẹ̀, ohùn mi kò ju ti ọ̀pọ̀lọ́ lọ mọ́.

Ẹnu Àwẹ̀ró mì. Ó yí ojú rẹ̀ sí mi díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Mákànjú, mo ti gbọ́ yín. Ariwo yín pọ̀ jù."

Èmi apẹfọ̀n, mo dojú bolẹ̀, mo ké bí ọmọ ọwọ́. Òun ló ń rọra fọwọ́ lù mí lẹ́yìn.

Ládẹ̀jọbí, o kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òjò ti dá, ẹ máa lọ sílé. Ẹni tó bá ní ẹnì kan tí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kó má jókòó ka ẹni tí ó kàn láti kí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà dìde. Àwẹ̀ró ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti inú ilé, n kò sì fẹ́ kó pe ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí n tó dáhùn.